Máàpù Tí Mo Yà Sẹ́yìn Kàlẹ́ńdà

Ìró òkúta lórí ẹkùrọ́ ni mo fi ń mọ̀ bóyá ara rọ agbo ilé wa ní Ìlá tàbí kò rọ̀ ọ́. Ìyá Ire, ìyá tó bí bàbá mi, a máa jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, a na ẹsẹ̀ kan, a ká èkejì, òkúta pẹrẹsẹ a wà níwájú rẹ̀, òkúta róbótó a wà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì máa pa ẹkùrọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó, kó, kó, láti ìgbà tí a bá ti jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ tán títí oòrùn yóò fi yí sẹ́yìn ilé. Èèpo a lọ sápá kan fún iná dídá, ọmọ inú rẹ̀ a bọ́ sínú igbá fún àdí. Kì í wo ọwọ́ rẹ̀ rárá, ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Bí ojú àlejò bá yọ, òkúta a dúró lókè. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn làwa ọmọdé ń bẹ̀rù ju igbe lọ. Ẹni tó ń fọ aṣọ a dẹ́kun, ẹni tó ń gúnyán a fi ọmọ odó ti ara, Bàbá Àgbà a sì ké láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ pé, "Ta nìyẹn? Ta ló rán ọ?" Ní ilé àwọn ẹlòmíràn, "ẹ káàbọ̀" ló ń ṣáájú. Ní ilé tiwa, ẹ ó kọ́kọ́ sọ ẹni tó rán yín ná.

Mo ti dàgbà báyìí, iṣẹ́ tí mo sì fẹ́ràn jù láyé, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi, tí ẹnikẹ́ni kò sì bẹ̀ mí, ni kí n máa fi ọ̀nà àti ilé sórí máàpù inú fóònù. Bí mo bá délé, mo lè fi odidi ọ̀sán rìn láti ẹ̀yìn ọjà dé ibi tí ọ̀nà Ọ̀tan ti yà, kí n ṣáà lè mọ̀ bóyá ọ̀tún ni kànga wà sí igi ọsàn tàbí òsì. Mo ti bá àgbàlagbà jà rí lórí ibi tí gọ́tà kan ti yí. Ọdún tí ìfẹ́ yìí wọ̀ mí lára ni mo fẹ́ padà sí, ọdún tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí máàpù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ìyá mi jáde nílé ọkọ. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ wọn ní Yorùbá ìwé kí ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí lè bá mi lọ. Ìgbómìnà gidi ni wọ́n fi bú ara wọn, ó sì dùn ju báyìí lọ.

Kí n ṣàlàyé bí ilé náà ti rí, nítorí bí ẹ kò bá rí i, ẹ kò ní mọ ohun tó ń ba Màmá mi lẹ́rù. Ilé alámọ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára ni, ó yí àgbàlá ká lápá mẹ́ta, páànù rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Apá kẹrin ṣí sí ọ̀nà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Àgbà wà láàárín gbùngbùn, àga rẹ̀ sì wà níbi tí yóò ti máa rí gbogbo ilẹ̀kùn láì yí ọrùn. Àbúrò ni ó jẹ́ fún bàbá bàbá mi tó ti kú, òun sì ni olórí ẹbí. Ní ìpẹ̀kun ọ̀tún ni ilé tí bàbá mi kọ́ dá dúró sí: yàrá méjì, búlọ́ọ̀kù gidi, fèrèsé onígíláàsì, ẹyọ kan ṣoṣo tó ní irú rẹ̀ nínú agbo ilé. Awakọ̀ tó ń gbé obì lọ sókè Ọya ni bàbá mi, owó obì ló fi kọ́ ọ. Ọdún tó ṣáájú ọdún tí mò ń sọ yìí ni ó ṣàìsàn, ó sì kú. Iwájú fèrèsé ilé náà ni wọ́n sin ín sí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé wa, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ láì kọ nǹkan kan sí i. Ojú oórì yẹn tutù lọ́sàn-án, ó sì tẹ́jú. Orí rẹ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi.

Ọ̀rọ̀ ilé yìí ló wà nílẹ̀ lọ́dún náà. Àkọ́bí Bàbá Àgbà, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìbàdàn, tí gbogbo ìyàwó ilé ń pè ní Akọ̀wé, wá ṣọdún Àjíǹde. Ó rìn yí ilé wa ká, ó fi ìka kan ògiri kọ́, kọ́, bí ẹni tó fẹ́ ra iṣu tí kò fọkàn tán an, ó wá ní, "Ilé yìí mà tóbi jù fún ìyá àti ọmọ kan o." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Màmá mi ti ń ti ilẹ̀kùn kódà bó bá fẹ́ lọ pọn omi lẹ́yìnkùlé. Àwọn ìyàwó ilé ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ẹbí yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, pé bí ó bá yíwọ́, Màmá yóò padà sí Ọ̀tan Ayégbajú níbi tí wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, èmi yóò sì lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Ìlọrin, nítorí pé ọmọ ilé ni mí, ọmọ ilé kì í bá ẹrù ìyàwó lọ. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ nígbà tí wọ́n rò pé mò ń sùn. Ilé tí ọ̀rọ̀ ti rí báyìí, gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ni yóò máa jọ ète. Bí Màmá bá bu ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá Àgbà a ní kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bí Bàbá Àgbà bá bá mi ṣeré, Màmá a pè mí wọlé, a bi mí léèrè pé, "Kí ló bi ọ́?" Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ìyá Ire ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, a sì tún gbé òkúta rẹ̀.

Àárín èyí ni tíṣà tuntun dé sí kíláàsì wa. Ọmọ Ìgbájọ ni, a sì ń pè é ní Àǹtí Ìgbájọ. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, bàtà rẹ̀ kì í gbé eruku. Ó dúró níwájú pátákó, ó ní, "Ní ìlú wa, òkè ló yí wa ká. Bí o bá sọnù, gbójú sókè, òkè yóò sọ ibi tí o wà fún ọ. Ní Ìlá níbí, bí mo bá gbójú sókè, páànù ni mò ń rí. Mo ti sọnù láàárín ilé mi àti ilé-ìwé rí. Nítorí náà, ẹ̀yin ni ẹ ó fọ̀nà hàn mí." Ó ní kí olúkúlùkù ya máàpù agbo ilé tirẹ̀, a ó wá tò wọ́n pọ̀ lára ògiri títí gbogbo àdúgbò yóò fi pé. Ó kọ àmì tí a ó lò sójú pátákó: igun mẹ́rin fún ilé, róbótó fún kànga, àgbélébùú fún ṣọ́ọ̀ṣì, òṣùpá fún mọ́ṣáláṣí, igi fún igi, ìlà méjì fún ọ̀nà. "Àmì wọ̀nyí nìkan ni kí ẹ lò o, kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu."

Làmídì, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó, na ọwọ́. "Àǹtí, ilé ìgbẹ́ wa ńkọ́?"

"Ṣé ó ní òrùlé, Làmídì?"

"Ó ní in, mà."

"Ilé ni nígbà yẹn. Fi igun mẹ́rin sí i."

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo kíláàsì ti ń pe Làmídì ní onílé-méjì.

Okùn ni Àǹtí Ìgbájọ fún wa láti fi wọn ilẹ̀, okùn tí ó ta ní kókó kókó. Ní ọjọ́ tó kó wa jáde láti gbìdánwò, bẹ́ẹ̀ ni ara fu gbogbo àdúgbò. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ẹnìkan ti sọ lọ́jà pé ìjọba fẹ́ fẹ ọ̀nà, pé ọ̀dà pupa ni wọn yóò fi kun ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó, wọn a sì kọ́kọ́ rán àwọn tó ń wọnlẹ̀. Ìyá kan tó sá obì sórí ẹní rí wa, ó dìde dúró.

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kí lẹ ń wọ̀n?"

"Máàpù ni, mà."

"Máàpù ta ni?"

"Ti Àǹtí wa ni, mà."

"Àǹtí yín, ọmọ ibo ni?"

"Ọmọ Ìgbájọ ni, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìgbájọ ni wọ́n ti wá ń wọn ilẹ̀ Ìlá fún wa!" Ó da ìró bo obì rẹ̀ bí ẹni pé okùn wa lè gbé e lọ. Ní ilé kejì, ẹlẹ́mu kan gbé akèrègbè rẹ̀ sílẹ̀, ó ń tẹ̀lé wa lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ wá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé mi ti gbó, kò tó ohun tí à ń wó." Ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ wá ń pariwo láti ojú fèrèsé pé kí a ya ilé tòun kó tóbi, kí ìjọba lè mọ iye tí wọn yóò san. Àǹtí Ìgbájọ ń kúnlẹ̀ kí ẹni gbogbo títí orúnkún rẹ̀ fi pọ́n. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ọdún lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni pé ọ̀nà tí mò ń tọ̀ lójoojúmọ́ ní igun, pé ògiri ilé Làmídì kò dúró ṣánṣán sí tiwa, pé bí èèyàn bá fi sùúrù wò ó, ó lè gbé odidi àdúgbò kalẹ̀ sórí ìwé.

Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ti ọdún tó kọjá ni Màmá fún mi, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Mo tẹ́ ẹ sórí ojú oórì bàbá mi, mo fi òkúta tẹ igun rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Màmá jókòó sórí ìjókòó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. Mo ya igun mẹ́rin kan, mo béèrè tẹni tí yàrá náà í ṣe.

"Ti Agùntáṣọọ́lò ni."

"Èyí tó tẹ̀lé e?"

"Ti Akọ̀wé. Èyí tí wọ́n tì pa, ti Ìbàdíàrán ni, ó wà nílé ọkọ."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó. Yóò wá orúkọ dáradára kan fún un, yóò sì máa fi pè é títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi kú. Àwọn àgbà ilé náà kì í sì í pe ìyàwó lórúkọ. Ìlú tó ti wá ni wọ́n ń fi pè é. Ìdí nìyẹn tí ìyá bàbá mi fi jẹ́ Ìyá Ire, tí Màmá mi fi jẹ́ Ìyá Ọ̀tan. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ́ láyé nìyẹn, pé àwọn obìnrin ilé wa jẹ́ ìlú ìlú. Agùntáṣọọ́lò ni Bàbá Àgbà, nítorí pé ó ga. Àwọn orúkọ tí mò ń gbọ́ láràárọ̀ nìyí, èmi náà kò sì jẹ́ gbójú gbóyà pe àgbà lórúkọ àbísọ. Bí Màmá ti sọ wọ́n ni mo kọ wọ́n, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Nígbà tí mo dé ìpẹ̀kun ọ̀tún, n kò bi ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ilé Wa.

Mo wá wo ilẹ̀ tí mo jókòó lé. "Màmá, Bàbá mi ńkọ́? Kò sí àmì wọn nínú èyí tí Àǹtí kọ fún wa. Ṣé kí n fi àgbélébùú sí i?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Ó gbójú sókè, ó wo fèrèsé, ó wo ògiri tí Akọ̀wé fi ìka kàn, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Má kọ ọ́ síbẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Mo ní má kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí i yóò béèrè." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Iwájú yàrá Bàbá Àgbà ni ọwọ́ ti tẹ̀ mí. Mo ta okùn láti ẹsẹ̀ òpó dé ojú kànga, mo ń ka kókó rẹ̀ lábẹ́ ètè, ni mo bá gbọ́ pé ẹkùrọ́ dákẹ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, bàbá náà ti dúró sórí mi pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, òjìji rẹ̀ bo gbogbo kàlẹ́ńdà náà.

"Ta ló rán ọ?"

"Àǹtí wa ni, Bàbá."

"Ta ló rán Àǹtí yín?"

"Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ni, sà."

"Ta ló rán ọ̀gá àgbà?"

N kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n a ti kọ́ mi pé ọmọ dáadáa a máa dáhùn. Mo ní, "Bóyá ìjọba ni, sà."

Ó ká kàlẹ́ńdà náà bí ẹní, ó fi há abíyá, ó wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kò jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn àfi ti Ìyá Ire, kò sì dáhùn ìkíni Màmá ju "hùn" lọ. Àǹtí Ìgbájọ gbọ́, ó wá bẹ̀ ẹ́. Wọ́n fún un ní àga tó kọjú sóòrùn, kò sì sẹ́ni tó bu omi fún un, ohun tí a kì í ṣe fún àlejò rí, bó ti wù kí a fura sí i tó.

"Ọmọ Ìgbájọ," ni Bàbá Àgbà wí, "ṣé ilẹ̀ Ìgbájọ ti tán ni?"

"Kò tán, Bàbá. Ẹ̀kọ́ lásán ni. A fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ àdúgbò wọn ni."

"Wọn ò tíì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀? Ibẹ̀ kọ́ ni a bí wọn sí?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n, sà. Kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀, ta ló ń kà á?"

Àǹtí Ìgbájọ kúnlẹ̀ dágbére, ó gba ọ̀nà ilé-ìwé padà. Títí di òní, èmi tí mò ń fi máàpù ṣeré, n kò tíì rí èsì sí ìbéèrè náà.

Akọ̀wé dé láti Ìbàdàn ní ọjọ́ Sátidé. Ní ọjọ́ Àìkú, bí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a kò tíì bọ́ aṣọ, ẹbí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá mi kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Ire wà lórí àpótí rẹ̀, igbá ẹkùrọ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ṣùgbọ́n kò pa nǹkan kan. Àwọn ìyàwó ilé yòókù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bàbá Àgbà na kàlẹ́ńdà náà sí ọmọ rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran ka lẹ́tà mọ́. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

"Yàrá Agùntáṣọọ́lò. Yàrá Akọ̀wé. Yàrá Ìbàdíàrán." Àwọn ìyàwó tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń gbọ̀n wọ́n léjìká. Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ gbọ́ orúkọ tó wà níbí? Ṣé ẹnu ọmọ nìyí? Ẹnu ìyàwó ni. Ìyàwó ló jókòó ti ọmọ, tó ń pè é, tí ọmọ ń kọ ọ́. Ẹ wá gbọ́ èyí tó wà ní ìpẹ̀kun." Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. "Ilé Wa. Ilé ta ni 'wa' yẹn? Ó fẹ́ fi ìwé gba ilé mọ́ wa lọ́wọ́ ni. Ó ti rán an lọ sí ilé-ìwé, tíṣà yóò fọwọ́ sí i, ó di ìwé ìjọba nìyẹn."

Mo fẹ́ kí Màmá sọ nǹkan kan, ohunkóhun, kí ó sunkún pàápàá, ṣùgbọ́n ojú ilẹ̀ ló ń wò. Ìyá Ire ló dá sí i. Títí ó fi kú, obìnrin yìí kò pe Bàbá Àgbà lórúkọ rí, nítorí ọmọdékùnrin tó bá nílé ọkọ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni orí wọn ti funfun.

"Agùntáṣọọ́lò, ọkọ mi," ló wí. "Èmi ni mo sọ yín ní orúkọ yẹn. Ní ọdún tí mo wọlé yìí, ẹ kò tíì lè so okùn ṣòkòtò yín fúnra yín, èmi ni mò ń bá yín so ó. Àwọn ìyàwó tó kù, ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Bí orúkọ bá ń gba ilẹ̀, èmi ló yẹ kí ẹ ti kọ́kọ́ lé."

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn bú jáde. Bàbá Àgbà dúró kí ó tán. Ó wá ní jẹ́jẹ́, "Ìyá, ìyàwó ni ẹ̀yin náà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin tó ti bímọ síbẹ̀, tó ti sin ọkọ síbẹ̀, tó ti sin ọmọ síbẹ̀, tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni iyọ̀ ọbẹ̀ bàbá náà ti máa ń kọ́kọ́ kàn, òun ni bàbá náà sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ó gbé igbá ẹkùrọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀, ó fi sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Òótọ́ lẹ sọ. Ìyàwó ni mí, Ire ni mo ti wá. Ọ̀nà tí ẹ bá ní kí Ìyá Ọ̀tan gbà, ẹ fi hàn mí, kí n lè bá a ru ẹrù."

Bàbá Àgbà gba kàlẹ́ńdà náà padà lọ́wọ́ Akọ̀wé, ó gbé e sórí itan, ó ń fi ìka tọ ìlà tí mo yà. Kò lè ka lẹ́tà, ṣùgbọ́n ó rí igun mẹ́rin, ó sì mọ ilé rẹ̀. Ìka rẹ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjá kànga, ó gba abẹ́ igi ọsàn, ó dé ìpẹ̀kun ọ̀tún, ó dúró. Ó tún un gbà. Ó tún dúró síbẹ̀.

"Ọmọ yìí, níbo ni bàbá rẹ wà?"

"Wọ́n ti kú, sà."

"Mo mọ̀ pé ó kú, ṣé èmi kọ́ ni mo sin ín? Níbo ló wà nínú ìwé yìí?"

"Wọn kò sí níbẹ̀, sà."

"Kí ló dé?"

Mo wo Màmá. Kò wò mí. Mo ní, "Àmì wọn kò sí nínú èyí tí Àǹtí fún wa, sà."

Bàbá Àgbà rọra rẹ́rìn-ín nímú, èyí tí n kò gbọ́ rí látìgbà tí bàbá mi ti kú. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Akọ̀wé, ìwọ lo kàwé. Nígbà tí wọ́n pè wá lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀ oko, tí a dé kóòtù, kí ni adájọ́ kọ́kọ́ bi wá?"

Akọ̀wé fi ọwọ́ pa ẹnu. "Ó ní níbo ni òkú wa wà níbẹ̀, sà."

"Kí ló fi dá wa láre?"

"Ojú oórì ni, sà."

"Ẹ gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé gba ilé, òkú ni yóò kọ́kọ́ yà, yóò yà á kó tóbi ju ilé lọ. Olè wo ló ń lọ sóko iṣu tó gbàgbé àpò sílé? Obìnrin yìí kò mọ nǹkan kan nípa ìwé yìí. Eré ọmọdé ni." Inú mi ń dùn bọ̀ ni ojú rẹ̀ tún yí padà, nítorí ìfura bàbá náà kì í kú, ó kàn ń ṣípò ni. Ó gbé kàlẹ́ńdà náà sókè síwájú gbogbo wa. "Ṣùgbọ́n irú ìwé wo nìyí ná? Wọn yóò gbé e kọ́ sí ilé-ìwé. Ará Ìgbájọ yóò rí i, ìjọba yóò rí i, wọn á ní ilẹ̀ òfo ni, wọn kò sin ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ẹ fẹ́ kí wọ́n wá la ọ̀nà gba orí ọmọ wa kọjá? Mú pẹ́ńsù wá!"

Mo sáré mú un wá. Gbogbo ẹbí jáde sí ìpẹ̀kun ọ̀tún, Bàbá Àgbà ló ṣáájú. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan sìmẹ́ǹtì náà lójú. "Orí rẹ̀ nìyí, ọ̀dọ̀ ògiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rèé. Yà á bó ti gùn. Kọ ọ́ sí i: ojú oórì ọmọ wa, níwájú ilé rẹ̀." Akọ̀wé gbọ́ "ilé rẹ̀", mo rí i pé ó gbọ́ ọ, nítorí ó la ẹnu. Bàbá Àgbà gbé ọwọ́ sókè láì wẹ̀yìn. Ẹnu náà pa dé. Gbogbo ìyàwó ilé ló gbọ́ ọ, Ìyá Ire gbọ́ ọ, ẹni tó ń kọjá lọ́nà pàápàá gbọ́ ọ, nítorí ohùn bàbá náà kì í ṣe kékeré. Kò wá tán síbẹ̀. Ó kó mi kiri agbo ilé títí òǹgbẹ fi gbẹ mí: bàbá rẹ̀ wà lábẹ́ àga rẹ̀ gan-an, ìyá rẹ̀ wà ní yàrá tí wọ́n ń kó iṣu sí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọkọ Ìyá Ire, wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí atẹ́gùn ni Ìyá Ire fi ń jókòó síbẹ̀ pa ẹkùrọ́. Nígbà tí a parí, òkú ilé wa lórí ìwé pọ̀ ju alààyè lọ.

Bí Àǹtí Ìgbájọ ti rí i, ó béèrè ohun tí àwọn pẹrẹsẹ kéékèèké náà jẹ́. Mo ní, "Àwọn ará ilé wa ni, mà." Kò bá mi wí. Ọ̀rọ̀ náà ti tàn ká àdúgbò, gbogbo àgbà ló sì ti ń fa ọmọ wọn létí pé kí wọ́n má jẹ́ kí ilé àwọn nìkan dòfo. Làmídì mú tirẹ̀ wá pẹ̀lú baba-ńlá mẹ́ta. Ìyá tó da ìró bo obì fúnra rẹ̀ wá sí ilé-ìwé láti wò ó bóyá wọ́n yí orí ọkọ òun síbi tó yẹ. Àǹtí Ìgbájọ padà sójú pátákó, ó fi àmì kan kún èyí tó ti wà níbẹ̀. Máàpù náà wà lára ògiri kíláàsì títí ikán fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ẹnikẹ́ni kò bi Màmá mi ní nǹkan kan mọ́ lórí ilé náà. Bí Akọ̀wé bá wálé, òkèèrè ló ti ń kí Màmá, ọwọ́ rẹ̀ kò kan ògiri mọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé wa, n kò mọ bí a ti ń gba ohun rere láì yí i wò lódìkejì. Nígbà mìíràn mo máa ń fura sí Bàbá Àgbà, pé ó ti wá ọ̀nà tí yóò fi dá wa sí láì dójú ti ọmọ rẹ̀, ó sì fi ará Ìgbájọ bojú. Nígbà mìíràn Ìyá Ire ni mo ń fura sí, nítorí ọkùnrin tí òun ló bá a so okùn ṣòkòtò, ó mọ ibi tí ìfura rẹ̀ yóò yà sí. Àwọn méjèèjì ti kú, wọ́n ti wà nínú ilẹ̀ agbo ilé wa, níbi tí n kò ní béèrè ìtọ́sọ́nà kí n tó dé.

Màmá ló kù. Ó ti darúgbó, inú ilé náà ló wà, ó ti gba ìdí òkúta ẹkùrọ́. Nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, mo jókòó sórí ojú oórì bàbá mi pẹ̀lú fóònù, mo fi àdúgbò wa hàn án láti òkè. Ó rí páànù, ó rí igi ọsàn, ó rí ọ̀nà tí èmi fúnra mi fi síbẹ̀. Ó bi mí léèrè ẹni tó gun òkè lọ ya òrùlé òun. Mo ní ẹ̀rọ ni. Ó ní ta ló rán ẹ̀rọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wá sọ fún un pé ohun gbogbo nínú agbo ilé wa ni mo ti fi sórí máàpù yìí, àfi ibi tí mo jókòó lé. Mo ní kí n fi Bàbá mi síbẹ̀ báyìí?

Òkúta rẹ̀ dúró lókè.

"Má fi síbẹ̀," ló wí, bó ti wí lọ́jọ́ tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Kí ló dé, Màmá? Bàbá Àgbà ti lọ. Akọ̀wé ti di arúgbó. Ta ni a tún ń dúró dè?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wò ó dáadáa, ó wá sọ òkúta rẹ̀ kalẹ̀ lórí ẹkùrọ́, kó.

"Ẹni tí yóò béèrè kò tíì dé."